Ẹsẹ̀ Lásán Nínú Òkun Àríwá

Èmi kì í lè jókòó sójú kan. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sí mi lára. Ìyá mi a máa ní bí wọ́n bá fi okùn so mí mọ́ òpó, màá fa òpó náà rìn. Nígbà tí mo dé Dagenham, mo rò pé ibi tí ẹsẹ̀ mi ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí nìyí, pé ara mi máa balẹ̀ wàyí. Ọdún ti ń gorí ọdún, ara ọ̀hún kò balẹ̀. Bí mo bá wà nínú yàrá, mo fẹ́ wà níta. Bí mo bá jáde, òtútù á ní kí n padà sílé. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń ronú Igbókọ̀dá. Bí mo bá sì pe Igbókọ̀dá, kì í pẹ́ tí mo fi ń wá ọ̀nà tí màá fi gbé fóònù sílẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Bí ọ̀rọ̀ èmi àti ìlú yìí ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan tí òkun ti gbé mì. Mi ò pa òwe o, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mò ń sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èèyàn máa ń rìn títí láti ẹnu ọ̀nà wa kó tó kan omi. Nígbà tí mo fi máa jáde ilé ìwé girama, omi ti ń yà sí wa nílé ìdáná láìkan ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́kọ́ lọ. Aládùúrà ni wá, àwa aláṣọ funfun, àwa ẹlẹ́sẹ̀ lásán. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó kan ilé àwọn aládùúgbò, lẹ́yìn náà ló kan tiwa. Bàbá mi ti kú nígbà yẹn, ibà ló pa á, kì í ṣe omi. Ìyá mi nìkan ló dúró tó ń wo bí òpó ilé wa ṣe ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sunkún. Ó kó ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́kù, ó kó mi dání, a lọ gba yàrá kan ní Igbókọ̀dá.

Ọjọ́ tí a dé yàrá náà ló ní kí n kúnlẹ̀.

"Òkun ti jẹ ilé mi," ó ní. "Kò gbọdọ̀ jẹ ọmọ mi. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan òkun mọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọmọ tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n kà ni mí, ṣùgbọ́n èèyàn kì í bá ẹni tí ilé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wó jiyàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìrìnàjò mi wá dé, inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó bi mí bóyá òkun wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní odò ni wọ́n ní. Ó ní Ọlọ́run ṣeun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi di ẹrù.

Ẹ wá wo nǹkan: ẹja ni mo bá níwájú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dúró lọ́wọ́ mi wà ní Creekmouth, níbi tí odò Roding ti ń wọ inú Thames, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó oúnjẹ dídì sí. Wọ́n fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì tó wúwo bí ọmọ ọdún méjì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan, òtútù tó jáde látibẹ̀ sì gbá mi lójú bí ẹni tí mo jẹ́ nígbèsè. Gbogbo wa ló bo orí, tó bo ẹnu. Ó pẹ́ kí n tó mọ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ju ẹyinjú wọn lọ. Àwọn páálí tí mò ń gbé, ẹja ló wà nínú wọn, ẹja onígun mẹ́rin, tí kò ní orí, tí kò ní ìrù. Ọjọ́ yẹn ni mo pe ìyá mi.

"Ẹja tí kò lórí?" ó ní. "Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ orúkọ rẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára páálí, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kí n dúró, ó pe àwọn alájọgbé rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi.

Ní àkókò ìsinmi, àwọn yòókù a máa jókòó sínú ilé pẹ̀lú tíì wọn. Èmi a máa jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ irin tí wọ́n fi sé àgbàlá, torí ojú máa ń tó odò láti ibẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí odò náà fà sẹ́yìn, tó fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀, òórùn tó gba afẹ́fẹ́ wá bá mi, òórùn ilé ni. Òórùn ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ bàbá mi máa ń jókòó lé. Àárò ilé sọ mí débi pé mo gbàgbé búrẹ́dì ọwọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò jókòó ní àkókò ìsinmi mọ́.

Dagenham East ni mò ń gbé, ní yàrá òkè ilé Màmá Ṣadé, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ìjẹ̀bú ni Màmá Ṣadé, ìyá ìjọ ni pẹ̀lú nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnu rẹ̀ sì mú. Gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí Rush Green la máa ń yá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀. Nínú oṣù òtútù, bí èèyàn bá bọ́ bàtà dúró lórí ilẹ̀ yẹn láti orin àkọ́kọ́ títí dé oore-ọ̀fẹ́, á gbàgbé pé òun ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìyẹn ló dá ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará máa wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, àwọn kan ní bàtà aláṣọ ni ìbọ̀sẹ̀, pé èèwọ̀ ni. Wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí. Màmá Ṣadé ló dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin elders," ó ní, "àwọn tó kọ́kọ́ bọ́ bàtà níwájú Ọlọ́run, ṣebí desert ni wọ́n wà? Ó gbóná níbẹ̀! Ẹ gbé wọn wá sí Dagenham ní January, ká wo ohun tí wọ́n máa ṣe. Èmi o, arthritis mi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba ìbọ̀sẹ̀ láàyè. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà ń wọ̀ ọ́?"

"Rárá, Ìyá. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń dúró."

"Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ilẹ̀ tó dúró lé."

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nílé, kò sí ẹni tí í fi bàtà dúró níwájú òkun. Bàbá mi, kó tó ti ọkọ̀ wọ omi, á bọ́ bàtà, á dúró, á gbàdúrà, ẹsẹ̀ lásán náà ni á sì fi wọ inú ọkọ̀. Ẹni tó bá ti bọ́ bàtà níwájú Ọlọ́run kì í tún wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìkánjú, bí ẹni tí àlejò rẹ̀ sú.

Lẹ́yìn ìsìn, bí mo bá ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo máa ń pe ìyá mi. Á bi mí bí mo ti jẹun, bí mo ti sùn, bí wọ́n ti ń ṣe sí mi. Lẹ́yìn náà, á gbàdúrà. Ibi kan náà ni àdúrà náà máa ń parí sí: "Òkun ò ní mọ orúkọ rẹ." Màá ní àmín. Bọ́ọ̀sì á dé, màá wọlé, màá sì gbé ọ̀sẹ̀ náà lé orí àmín yẹn. Ó lè má jọ nǹkan lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí abúlé rẹ̀ ti wọ omi, tí kò sí ilé tó lè fi hàn ọmọ tó bá bí lọ́la, ohùn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi ni ilé tó kù fún un.

Moira ló kó bá mi, tàbí kí n ní òun ló gbà mí là, mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́. Òun ló ń wa fọ́ọ̀kì-lífìtì, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, níbi iṣẹ́ wa, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ erékùṣù Lewis ní àríwá Scotland. Ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àgbàlá lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ yìí, ò ń wo omi yẹn bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì," ó ní. "Kí lo fẹ́ kó gbé wá fún ọ?"

Mo sọ abúlé wa fún un. Mo sọ fún un pé omi ni a fi tọ́ mi dàgbà, pé omi náà ló sì lé mi jáde. Kò ní pẹ̀lẹ́, kò mi orí. Ó kàn ní, "Sátidé yìí, wá bá mi lọ."

Etíkun Essex ló gbé mi lọ. Ó tú àpò ńlá kan, ó fa aṣọ pupa kan jáde, ó fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ títí ó fi le. Káìtì ni, irú èyí tí à ń fi bébà àti ọwọ́ ìgbálẹ̀ ṣe ní kékeré, àfi pé èyí gùn ju ọkọ̀ bàbá mi lọ. Okùn gígùn so ó mọ́ ọ̀pá kan, ọ̀pá náà á sì há mọ́ ìgbànú tí èèyàn dè mọ́ ìbàdí. Afẹ́fẹ́ á fa káìtì, káìtì á fa èèyàn, èèyàn á ki ẹsẹ̀ bọ ìdè orí pákó kékeré kan, á dúró lé e, á máa sáré lórí omi. Moira fi hàn mí. Obìnrin tí mo mọ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì àti ìbòrí, mo rí i tó fò lórí omi, tó tún sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tó kàn mí, mo bọ́ bàtà mi. Mo dúró létí omi, mo gbàdúrà. Mo rántí ìkúnlẹ̀ Igbókọ̀dá. Mo sọ fún ara mi pé ẹrẹ̀ ni mo tẹ̀, kì í ṣe òkun. Omi gun ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo ní èyí náà, ẹrẹ̀ tó tutù ni. Nígbà tó dé orúnkún, mi ò rí irọ́ pa fún ara mi mọ́. Mo bú sẹ́kún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, Moira sì wo ibòmíràn títí mo fi ṣe tán.

Mo ṣubú, mo mu omi iyọ̀, káìtì wọ́ mi nílẹ̀ bí ẹni tó ń wọ́ ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Sátidé kan lọ, òmíràn dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dìde dúró lórí pákó, tí mo sì dúró bẹ́ẹ̀, mo ké "Yéè!" bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn létíkun pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò tíì rí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé ara mi balẹ̀. Èmi tí mi ò lè jókòó parí tíì kan, ara mi balẹ̀ lórí omi tó ń sáré, torí kò sí ẹni tó ní kí n dúró sójú kan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi bi mí: "Ṣé o jìnnà sí òkun?"

"Dagenham jìnnà sí òkun, Ìyá," mo ní.

Òtítọ́ ni. Dagenham ni mo sọ, mi ò dárúkọ ara mi. Ó gbàdúrà rẹ̀, ó ní òkun ò ní mọ orúkọ mi, mo sì yára ní àmín.

Wọ́n máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo máa ń ronú ọ̀rọ̀ yìí nínú bọ́ọ̀sì. Onílé tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ omi ńkọ́? Bí àwọn èèyàn bá bi mí níbí pé níbo ni mo ti wá gan-an, mo máa ń ní Lagos, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Bí mo bá sì pàdé àwọn ará Lagos ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbọ́ ohùn mi, wọ́n á ní, "Ah, ìwọ, ará omi ni ẹ́." Wọ́n fi ń ṣeré ni. Ó máa ń dùn mí díẹ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi díẹ̀. Inú omi yẹn nìkan ni ẹnì kan kì í ti bi mí ní ibi tí mo ti wá. Nígbà tí èmi náà gba ìwé àṣẹ láti máa wa fọ́ọ̀kì-lífìtì, Moira ra kéèkì fún mi, mo sì ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, mo fi ránṣẹ́ sílé. Ìyá mi ní mọ́tò mi dára, pé kí n máa rọra wà á.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí òtútù wọlé, Moira ní òun ń lọ kí ìyá òun ní Lewis, pé ká jọ lọ. Ó ní òkun tí mo ń wò ní Essex, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ẹsẹ̀ tó ti ń yún mi látọjọ́ pípẹ́ ti gbéra kí n tó dáhùn. Màmá Ṣadé gbọ́, ó káwọ́ lérí.

"Holiday? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń lọ sí Dubai, wọ́n ń rí ọkọ fẹ́ níbẹ̀. Ìwọ, ibi tí àgùntàn pọ̀ ju èèyàn lọ lò ń lọ. Ta ló fẹ́ fẹ́ ẹ níbẹ̀, ram?"

"Màmá, mò ń bọ̀ láìpẹ́."

"Wọ nǹkan sọ́rùn o. Àti sí ẹsẹ̀."

Mi ò rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí igi. Afẹ́fẹ́ kò sinmi lọ́sàn-án, kò sinmi lóru, àwọn ilé sì lóṣòó sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ìyá Moira ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò sọ púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ iná ló máa ń jókòó sí tó ń hun nǹkan. Ó bi mí ní abúlé mi. Mo ní òkun ti gbé e. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí dáadáa, ó ní òkun ti mú lára àwọn tiwọn náà. Ó bu ọbẹ̀ ọ̀dùnkún sí i fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sétíkun. Nígbà tí mo rí iyanrìn náà, mo dúró. Funfun ni, ó tẹ́ lọ láìsí ẹnì kankan lórí rẹ̀, ìgbì sì ń ya wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Etíkun wa ni, bó ṣe rí nígbà tí mo wà ní kékeré, kí omi tó dé ilé ìdáná. Mo wo ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Moira ti wọ̀ mí láṣọ tán: aṣọ rọ́bà tó nípọn, ìbọ̀wọ́, ìbòrí, àti bàtà rọ́bà. Ó ní, "Ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, omi ibí kì í bá èèyàn ṣeré. Má bọ́ ìkankan." Mo ní mo ti gbọ́. Lẹ́yìn náà, mo rìn lọ sétí omi, mo sì bọ́ bàtà náà láti gbàdúrà.

Mo rò pé màá gbàdúrà kí n tún un wọ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà náà gùn. Mo gbàdúrà fún abúlé wa, fún bàbá mi, fún ìyá mi tí mò ń ṣe ohun tí kò fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe àmín, bàtà náà wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo sì rò pé bí mo bá wọ̀ ọ́ báyìí, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ Ọlọ́run ni. Bàbá mi kì í wọ̀ ọ́ padà. Moira wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń fi fóònù rẹ̀ ya fídíò, kò rí ẹsẹ̀ mi dáadáa. Mo gbé káìtì sókè. Mo wọ omi pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Afẹ́fẹ́ gbá mi mú, mo sì sáré lórí omi aláwọ̀ ewé yẹn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ayọ̀. Ẹsẹ̀ mi ta mí bí iná, lẹ́yìn náà kò ta mí mọ́. Mo rò pé ó ti mọ́ ọn lára ni. Kò mọ́ ọn lára, ó ti kú ni. Mi ò mọ ibi tí ìdè pákó wà lẹ́sẹ̀ mi mọ́. Ìgbì kan dé, pákó yọ́ kúrò lábẹ́ mi, ó lọ. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé afẹ́fẹ́ ti gbé mi kọjá iyanrìn, pé òkúta ló wà níwájú, ìgbì sì ń fọ́ lára wọn.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ikú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ojú ìyá mi ni. Mo rí i nínú yàrá Igbókọ̀dá, tí ẹnì kan ń sọ fún un pé òkun kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ti mú èyí tó kù. Mo fẹ́ fa ọ̀pá náà pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Àfi bíi pé bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń kánjú sọ sí mi lọ́kàn: òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Mo dẹ ọwọ́. Mo yí orí káìtì sí apá etíkun, mo fi ikùn lé omi, mo sì jẹ́ kó máa wọ́ mi lọ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan nínú omi bí àjẹ̀. Nígbà tí iyanrìn kàn mí láyà, Moira ti wà nínú omi dé ìbàdí, ó di ìgbànú mi mú, ó sì ń bú mi ní èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tó rí ẹsẹ̀ mi, ó fi èébú sílẹ̀, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Kò jẹ́ kí n na án síwájú iná, ó ní á bàjẹ́. Ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo sì ké bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìbọ̀sẹ̀ olówùú àgùntàn kan jáde, ohun tó ti ń hun láti ìgbà tí mo dé, ó sì wọ̀ ọ́ fún mi. Mo rántí ìpàdé ìbọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ìka kékeré ẹsẹ̀ òsì mi kò tíì mọ nǹkan tó bá kàn án títí di òní.

Nígbà tí mo padà dé Dagenham, mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Màmá Ṣadé nìkan, kó lè rí ibi tí mo lọ. Ọ̀rọ̀ òkúta àti pákó tó sọnù kò sí nínú rẹ̀. Àdúrà mi létí omi ló wà níbẹ̀, àti bí mo ṣe gbéra. Mo ní, "Màmá, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni o." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé àwọn bá mi yọ̀.

"Màmá, ta ni ẹ fi ránṣẹ́ sí?"

"Mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan! Group àwọn ìyá ìjọ lásán ni mo fi sí. Mo ní kí wọ́n wo bí ọmọ wa ṣe ń rìn lórí omi. It's testimony now!"

Mo mọ̀ pé láti group dé group, ó ti dé Igbókọ̀dá kó tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo pe ìyá mi ní ibùdókọ̀ bí mo ṣe máa ń pè é. Fóònù dún títí, kò gbé e. Mo tún pè. Bọ́ọ̀sì dé, mi ò wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Mo fi ohùn ránṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ọ, mo rí i pé ó gbọ́ ọ, kò fèsì. Ní Sátidé, afẹ́fẹ́ fẹ́ dáadáa, Moira pè mí, mo ní ara mi ò yá. Mo jókòó sínú yàrá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo jókòó sójú kan, kò sì sí àlàáfíà níbẹ̀ rárá. Òkun ti gba ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti gba ilé wa. Mo rò pé èmi ni mo wá fi ọwọ́ ara mi gbé èyí tó kù fún un.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ló pè. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àgbàlá ní Creekmouth, fóònù mì nínú jákẹ́ẹ̀tì mi, mo sì rí iwájú orí ìyá mi. Ìyẹn nìkan ló máa ń hàn bó bá fi fídíò pè.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá." Mo ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì kí n tó mọ̀.

"Dìde. Inú ń bí mi."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ẹ má bínú."

"O ò mọ̀. Mo wo nǹkan yẹn títí iná fi tán lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n bá mi fi iná sí i, mo tún wò ó." Ó fi ọwọ́ pa iwájú orí. "Bí bàbá ẹ ṣe máa ń dúró gan-an nìyẹn. Bó ṣe máa ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń gbàdúrà."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

"Òtútù wà níbẹ̀?"

"Ó wà, Ìyá. Ó pọ̀."

"Gbogbo ara ẹ ni wọ́n fi aṣọ bò. Ẹsẹ̀ nìkan ló wà nílẹ̀ lásán. Ta ló ní kó o bọ́ bàtà wọ irú omi bẹ́ẹ̀?"

Mo wo iwájú orí rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ní èbúté Igbókọ̀dá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Omi tiwa gbóná," ó ní. "Èmi ò mọ̀ pé òkun kan wà tó ń tutù bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà: "Èmi ni mo ní kó o bọ́ ọ. Èmi náà ni mo ní kó o wọ̀ ọ́ báyìí. Ọlọ́run gbọ́ mi. Wọ bàtà ẹ."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"O máa tún lọ, àbí?"

Mo lè ní rárá. Mo lè tún ní Dagenham jìnnà sí òkun. "Mo máa lọ, Ìyá," mo ní.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n di ojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, lójú iṣẹ́. Ó gbàdúrà fún oúnjẹ mi, fún oorun mi, fún àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Ó dé ibi tó máa ń parí sí, ó ní, "Òkun..." ó sì dúró. Mo di irin mú.

"Òkun á mọ orúkọ rẹ," ìyá mi ní. "Á mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Á sì dá ọ padà fún mi."

Mo ní àmín. Agogo iṣẹ́ ti dún, Moira ń juwọ́ sí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí n máa wọlé.

"Dúró ná," ó ní. "Bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ẹ. Fi ẹsẹ̀ ẹ hàn mí, kí n ka ọmọ ìka ẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ ní àgbàlá, mo bọ́ bàtà iṣẹ́, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo sì gbé fóònù sún mọ́ ẹsẹ̀ mi, ìyá mi sì ń ka ọmọ ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.